Ibi Tí Wọ́n Tẹ́ Yẹ́misí Sí

Ẹni tí kò bá tíì dàgbà, ẹ má bi í bí ilé ṣe ń dákẹ́. Tísà Akínlẹ́yẹ ló mọ̀ ọ́n. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Egbeda, nínú ilé tó kọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí Agnes ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ilé náà kì í sinmi orin. Agnes ń gbálẹ̀, orin ni. Agnes ń fọ abọ́, orin ni. Kódà bó bá ń bínú, orin ló fi ń bú ọkọ rẹ̀, ọkọ á sì gbè é! Nísinsìnyí, ọ̀pá Tísà a kan ilẹ̀, kò, kò, kò, ògiri ló ń dá a lóhùn.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ò burú. Adéolú wà ní Kaduna, Títí wà nílé ọkọ. Wọ́n ń wá nígbà Kérésì. Àkọ́bí ni ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ.

Yẹ́misí ni àkọ́bí náà. Ibà ló mú un lọ, ó ku díẹ̀ kó jáde ìwé mẹ́wàá. Ẹ kúkú mọ àṣà wa, òbí kì í sin ọmọ. Wọ́n ti Tísà àti Agnes mọ́ yàrá, àwọn ẹbí jókòó tì wọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ gbé ọmọ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ilésanmí, tísà bíi ti Akínlẹ́yẹ, ọmọ ìlú rẹ̀ ní Èkìtì, ló ṣáájú wọn. Gbogbo wọn búra pé àwọn ò ní fi ojú oórì náà han bàbá tàbí ìyá títí ayé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe Tísà ní Bàbá Yẹ́misí.

Agnes gbà bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí àìsàn dá òun náà dùbúlẹ̀ ló di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Bá mi wá ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ mi sí. Kí o bá mi kí i."

Tísà ní òun á ṣe é. Agnes sì jáde láyé.

Nínú àwọn tó gbé Yẹ́misí lọ, Ilésanmí nìkan ló ṣẹ́kù láyé. Tísà bá a ní Ìdímù, ó bẹ̀ ẹ́ títí.

"Akínlẹ́yẹ, bèèrè ẹ̀mí mi, màá fún ọ," ni Ilésanmí wí. "Ti èyí, rárá. Bí òbí bá mọ ojú oórì ọmọ, ibẹ̀ ni á máa sùn."

Tísà bínú. Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń bínú bí ọmọ jẹ́léósinmi! Ọdún kan gbáko, kò dé Ìdímù. Àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́, kò lọ.

Nígbà ọyẹ́, Matilda, ìyàwó Ilésanmí, bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tísà, ẹ wá wo ọ̀rẹ́ yín o, kó tó lọ tán."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le. Ọkàn rẹ̀ ló ń lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Tísà wọ bọ́ọ̀sì. Ilésanmí wà ní fàràndà, ó ń bó ọsàn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ̀ ń wá?"

Tísà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ arúgbó yìí! Èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ yín."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Tísà. Matilda yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Lánàá, ó bi mí bóyá ìyá mi mọ̀ pé mo wà ńlé òun." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí ìró nu ojú.

Tísà jókòó. Ọ̀rọ̀ tó tò sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ti fọ́nká. Nígbà tí kò mọ èyí tí ì bá ṣe, ó mú orin tí àwọn méjèèjì fi ń tú ọmọ ilé ìwé ká sẹ́nu:

Ọjọ́ lọ, ọjọ́ lọ,
Ilé là ń lọ;
Bẹ́sẹ̀ bá rẹ̀ wá,
Orin la ó kọ.

Ilésanmí gbè é, ó ń lu orúnkún, ọ̀rọ̀ kan ò bọ́.

"Ẹ mọ̀ ọ́n! Èmi àti Bàbá Yẹ́misí la máa ń kọ ọ́."

Tísà yíjú sí i. "Ta ni Bàbá Yẹ́misí?"

"Ọ̀rẹ́ mi. Ó ń bínú sí mi, kì í wá mọ́." Ó sún mọ́ ọn. "Ṣé ẹ lè pa àṣírí mọ́, sà? Èmi ni mo sin ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ká gbé e lọ sígbó, mo ní ó tì o, ọmọ tí mo kọ́ ní a-bí-dí! Ilẹ̀ tí mo rà ní Igando ni mo tẹ́ ẹ sí, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo nílẹ̀, mò ń háyà ilé. Kí n wá da sìmẹ́ńtì lé ọmọ lórí ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Yẹ́misí gan-an ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù."

Òótọ́ ni. Ẹnu Tísà ló ń pè é ní Ilésanmí Aláìnílé.

Tísà fẹ́ pariwo pé, "Èmi rè é!" Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá là pẹ́nrẹ́n, á mọ̀ pé òun ti da ìbúra. Ó gbé e mì.

"Ẹ má sọ fún un o, sà. Ẹ búra."

Tísà fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè ọ̀run.

Láti Ìdímù, ó wọkọ̀ Igando, ó ti mọ ilẹ̀ náà tipẹ́. Ilé ti yí ilẹ̀ náà ká, igi ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ro abẹ́ rẹ̀ mọ́ féfé. Ó ṣí fìlà. "Yẹ́misí, ìyá rẹ ní kí n kí ọ." Ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò sùn síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kó má dé Ìdímù. Wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹ ọsàn, Ilésanmí á máa pè é ní sà.

"Sà, bẹ́ ẹ bá rí Bàbá Yẹ́misí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá."

"Mo ti bá yín bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú mọ́."

Inú Ilésanmí a dùn. Á gbé àga rẹ̀ sún síwájú, á sì máa wo ojú títì.