Orin Tí Seijun Fi Ṣe Àkọ́kọ́

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ èwo ló yẹ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ nínú orin ẹgbẹ́ akọrin Shimagumo, Seijun ni kó lọ bá. Seijun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn ní abúlé náà, nítorí pé iyàn jíjà pẹ̀lú Seijun a máa gba tó wákàtí mẹ́ta. Gbogbo erékùṣù Okinawa ní Japan ló ń kọ orin Shimagumo, ṣùgbọ́n Seijun ní òun ti mọ̀ wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń kọrin níwájú ilé apẹja nítorí àwo núdùsì sóbà kan.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló kọ orin méje sínú ìwé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù àjọni abúlé, lókè ibi tí wọ́n ń to tòfù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, sí. Ẹ̀keje ni “Ẹ̀fúùfù Inú Ìrèké”, èyí tí tọmọdé tàgbà ń jó sí níbi ìgbéyàwó. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ó tó fún olùbẹ̀rẹ̀.” Ẹ̀karùn-ún ni “Ọkọ̀ Aago Mẹ́fà”: “Ẹ gbọ́ ọ létíkun. Ẹ má jẹun títí yóò fi parí.” Àkọ́kọ́ ni “Ọ̀nà Funfun”, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí àyàfi nínú kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wọn. Àlàyé tó kọ sábẹ́ ìyẹn gùn ju orin náà lọ: ọkùnrin kan, ó ní, ló ń pe olólùfẹ́ rẹ̀ wá sétí òkun lábẹ́ òṣùpá.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èdè àtijọ́ erékùṣù ni wọ́n fi kọ ọ́, Seijun kò sì gbọ́ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ nínú èdè náà, méjì nínú wọn sì jẹ́ èébú. Nígbà èwe rẹ̀, ìyà ni ọmọ tó bá sọ ọ́ nílé ìwé ń jẹ, àwọn òbí rẹ̀ sì ń fi èdè Tokyo bá a sọ̀rọ̀ kó lè dé ipò. Ó dé ipò. Ohùn obìnrin tó kọrin náà ló dàbí òṣùpá létí rẹ̀, ó sì fi òṣùpá túmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Màmá Makato pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò ní òrùlé gbé e yí abúlé ká bí àṣà ṣe rí fún ẹni tó bá dé ọjọ́ orí náà, Chinatsu, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ní kí Seijun mú orin wá.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀fúùfù Inú Ìrèké ni kẹ́ ẹ mú o. Kí àwọn èèyàn rí nǹkan jó sí.”

“Chinatsu! Àgbà bí èyí, orin olùbẹ̀rẹ̀ lo fẹ́ fi gbé wọn káàkiri? Ọ̀nà Funfun ni.”

Bàbá Zenpachi, apẹja àtijọ́ tó ń mu tíì lẹ́nu ọ̀nà, wúkọ́. “Fi ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀. Bí o bá bi í ta ló bí àwọn Shimagumo, á ní òun ni.”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Bàbá. Bí orin yẹn ò bá bá ọjọ́ Màmá mu, kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè orin mọ́ láyé.”

“A ti gbọ́,” ni Zenpachi wí. “Tòfù náà gbọ́.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Makato wọ aṣọ pupa, ó di abẹ̀bẹ̀ bébà ìṣeré ọmọdé kan mú tí atẹ́gùn ń yí bìrìbìrì. Àwọn èèyàn tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń juwọ́. Chinatsu ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Seijun jókòó lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó sì tẹ orin náà.

Ohùn obìnrin náà jáde bí èéfín tùràrí. Ìyá arúgbó kan tó ń juwọ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó tẹrí ba, ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn pa. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Zenpachi náà fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn ń sún lọ ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí omi òkun ń fà sẹ́yìn, títí ojú ọ̀nà fi ṣófo pátápátá. Ó ku oòrùn, ògiri òkúta, òdòdó pupa, àti abẹ̀bẹ̀ bébà tó ń yí.

“Bọ̀ọ̀dá! Kí lẹ ṣe?”

Òógùn bo Seijun. Ó na ọwọ́ kó pa orin, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan tó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ bà lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

“Fi sílẹ̀,” ni Makato wí. “Láyé àtijọ́, bí òkú ni wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó bá dé ọjọ́ orí mi kọjá, gbogbo ilé á sì ti ilẹ̀kùn. Ṣé ìwọ lo mú orin yìí?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ṣé o mọ ohun tó ń sọ?”

Irú ilẹ̀kùn báyìí kì í ṣí lẹ́ẹ̀mejì fún agbéraga. Kó ṣáà ní òun fẹ́ jí àṣà àtijọ́ dìde ni, wọn yóò máa pè é ní ọ̀mọ̀wé títí dọjọ́ ikú. Irọ́ náà ti dé ẹnu rẹ̀, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wò ó yìí ti rí ọba mẹ́rin àti ogun kan.

“N ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Mo rò pé orin ìfẹ́ ni.”

Makato rẹ́rìn-ín títí abẹ̀bẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Orin ìfẹ́! Òkú ni wọ́n ń bá wí! Wọ́n ní kó máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn, ọ̀nà náà funfun, kò lẹ́gùn-ún.” “Wọ́n ṣe é fún ìyá ìyá mi. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń yọjú. Mo ti gbà pé kò sẹ́ni tó máa ṣe é fún mi.”

“Ṣé kí n ṣẹ́rí padà?” ni Chinatsu bèèrè.

“Máa lọ. Seijun, dá a padà síbẹ̀rẹ̀, kó o máa wí tẹ̀lé mi.”

Makato wí ìlà kìn-ín-ní. Seijun wí tẹ̀lé e; ahọ́n rẹ̀ fẹsẹ̀ kọ.

“Rárá o. Ò ń pè é bí ará Tokyo.”

Seijun tún un wí. Ojú wà ní gbogbo ihò ilẹ̀kùn ní ọ̀tún àti òsì. Láti inú ilé kan, ohùn Zenpachi là jáde: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbóhùn sókè! A ò gbọ́ ọ níbí!”

Etí Seijun gbóná bí ẹ̀yinná. Ó gbé ohùn sókè.