Álíbọ́ọ̀mù Lọ́wọ́ Alàgbà

Ẹ ti fura, ẹ má wulẹ̀ díbọ́n: kì í ṣe Alàgbà Akínsànyà ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó kì í ráyè kó agbádá mẹ́ta lọ fún alágbàfọ̀ lọ́sẹ̀. Philomena, opó àbúrò rẹ̀, ló ń ṣe é, nínú ilé onípákó kan ní abúlé tó wà ní Snake Island, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé ọsibítù. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí Màmá ti ń ṣarán. Ó lè jẹun tán kó ní wọ́n fẹ́ febi pa òun. Ó lè dìde láàárọ̀ kó ní òun ń lọ pàdé ọkọ òun, ẹni tí wọ́n ti sin tipẹ́. Nítorí rẹ̀ ni Philomena ṣe ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa ní Amukoko.

Ìgbà tó yá, àwọn aláàánú kan gbé kámẹ́rà dé. Wọ́n ní kí àwọn tó ń tọ́jú arúgbó lábúlé ya fọ́tò ohun tí ojú wọn ń rí. Wọn yóò gbé e kọ́ sí gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Apapa, wọn yóò sì yan olùtọ́jú kan tí nọ́ọ̀sì yóò máa wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, fún odidi ọdún kan. Ọjọ́ méjì! Philomena ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ létí.

"Ìyàwó, fi fọ́ọ̀mù àwọn aláàánú yẹn sílẹ̀ fún mi," Alàgbà wí lórí fóònù. "Orúkọ rẹ ni màá kọ síbẹ̀."

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé o."

"Ṣé èmi ni Màmá ni?" Ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó dé sí Snake Island, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Ó gbé álíbọ́ọ̀mù ńlá kan dání. Ó jókòó ti Màmá, ó ṣí i síbi fọ́tò ìgbéyàwó ara rẹ̀, ó nàka sí i, ó sì tún fìlà ṣe.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Màmá bèèrè, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ wò ó! Kò dá mi mọ̀!" Inú Alàgbà dùn bí ẹni tó rí oúnjẹ ọ̀fẹ́. "Ya èyí, Ìyàwó!"

"Bọ̀dá mi, Màmá ò..."

"Ṣáà tẹ̀ ẹ́!"

Philomena tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìfihàn, ó fi Màmá sọ́dọ̀ Eucharia aládùúgbò, ó wọ léèsì tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó sọdá omi. Fọ́tò náà tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Alàgbà Akínsànyà, olùtọ́jú tí a yàn." Ó wá orúkọ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì. Kò sí.

"Bọ̀dá mi, orúkọ mi ńkọ́?"

"Ṣé ìdílé kan náà kọ́ ni wá ni?"

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ilé mi ní Apapa níbí ni yóò máa wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi yìí ò kéré, Ìyàwó."

"Na wa o," Philomena sọ wẹ́lẹ́. Ó jókòó.

Uchenna, olórí àwọn aláàánú náà, gbé gbohùngbohùn. "Alàgbà, fọ́tò wo ni Màmá fẹ́ràn jù?"

"Ti ìgbéyàwó mi! Láràárọ̀ ló ń wò ó, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìwà ọ̀làwọ́ wọ Alàgbà lára. "Ìyàwó wa ló bá mi tẹ kámẹ́rà o. Ìyàwó, dìde, kí wọ́n rí ẹ."

Philomena dìde. Uchenna na gbohùngbohùn sí i. "Mà, ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa fọ́tò yìí."

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀," Philomena dáhùn. "Ojú Màmá ti fọ́ láti Kérésìmesì èṣí."