Màmá Náà Ní Àkókò Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ènìyàn máa gbọ́ tí etí rẹ̀ á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Aránṣọ sọ fún un lórí tẹlifóònù. Ó ní kí ó máa kọ gbogbo ohun tó bá fi ojúmọ́ ṣe sílẹ̀, láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó bá sùn, kí òun lè mọ bí ìtọ́jú Màmá ṣe ń lọ.

"Kí n máa kọ ọ́ kẹ̀? Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé mo ti di ọmọṣẹ́ yín ni?"

"Má bínú. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ tá ò bá kọ sílẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé a ṣe é?"

Ibi iṣẹ́ wọn ni ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan tó ti jẹ́ alábòójútó. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Aago, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi ń pọ́n ọn lé. Wọ́n ní bí ènìyàn bá sín lẹ́nu iṣẹ́, Aago á fẹ́ mọ bí ó ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀. Orúkọ yẹn máa ń pa Aránṣọ lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí aago náà wá ń lù nínú ilé tirẹ̀.

Yàrá méjì ni òun àti Màmá ń gbé. Maṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní yàrá iwájú, bẹ́ẹ̀dì Màmá wà ní yàrá inú, wọn kì í sì í ti ìlẹ̀kùn àárín, kí wọ́n lè máa rí ara wọn. Láti ìgbà tí Màmá ti ṣubú nílé ìwẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbé e dáadáa mọ́. Etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ bíi ti ológbò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tó sì kúrò níbẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Yóò kàn máa wò ó títí yóò fi tutù. Àfi kí ènìyàn fa àga jókòó tì í, kí ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará àdúgbò lẹ́nu rẹ̀, kí ó bá a jiyàn díẹ̀. Ìgbà náà ni ṣíbí á tó máa rìn.

Aránṣọ kọ ìwé náà. Ìbínú ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi irọ́ kún un. Ó kọ wíwẹ̀ fún Màmá, ó kọ oúnjẹ sísè, ó kọ oògùn àti aṣọ fífọ̀. Nígbà tó dé ibi jíjókòó ti Màmá, ó gbé bíírò dúró. Ojú tì í. Ta ni í jókòó ti ìyá tó bí i, kó wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni kọ gbèsè? Gbogbo ìgbà tí Màmá fi gbé e pọ̀n, ìwé wo ló kọ ọ́ sí? Ló bá fò ó. Ojoojúmọ́ ló ń fò ó, kò sì mọ̀ pé òun ń fọwọ́ ara òun ṣe ara òun.

Nígbà tí oṣù parí, Aago dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá inú, ó ní, "Ẹ kú ilé, Màmá," ó yíjú padà, ó lọ jókòó sídìí maṣíìnì. Orí aṣọ oníbàárà ló tẹ́ ìwé náà sí. Ó ń ṣírò, ó ń mi orí.

"Wákàtí mẹ́ta péré," ó wí. "Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni ìtọ́jú Màmá lójúmọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa lè ṣe é mọ́ iṣẹ́ tiẹ̀. Màá wá gbé Màmá lọ́jọ́ Sátidé. Yàrá òkè ṣófo, kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Ìwọ náà á lè gbájú mọ́ṣẹ́ ẹ."

Kò sí ariwo! Aránṣọ mọ yàrá náà. Òkè téńté ni, nínú ilé tí Aago àti ìyàwó rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ láàárọ̀ tí wọn kì í padà sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ ọ̀dọ̀ á gbé abọ́ síwájú Màmá, á sáré sọ̀ kalẹ̀, wọn á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Màmá ti jẹun. Ebi ni yóò pa á síbẹ̀, pẹ̀lú abọ́ tó kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mi ò gbà! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń jókòó tì wọ́n ńkọ́?"

Aago yẹ ìwé náà wò. "Kò sí níbí."

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀!"

"Tó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ ńkọ́? Jíjókòó kì í ṣe iṣẹ́, àbúrò mi. Tí ọmọṣẹ́ mi bá jókòó, ńṣe ni mò ń yọ ọ́ kúrò nínú owó ẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ! Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n lójú Aago, ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tó bá ti jókòó. Ọ̀rọ̀ tí Aránṣọ fẹ́ sọ, àbúrò kì í sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n. Omi ojú ló jáde dípò rẹ̀, ìyẹn sì tún bí i nínú sí i.

"Aago!"

Yàrá inú ni ohùn náà ti wá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wo ara wọn. Wọn ò mọ̀ pé Màmá gbọ́ orúkọ yẹn rí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà.

"Mú ìwé yẹn wá. Mú bíírò dání. Èmi náà ní àkókò, àbí mi ò ní? Wá kọ tèmi."

Aago rẹ́rìn-ín wọlé, ó dúró. Màmá ní kí ó jókòó. Ó jókòó.

"Màmá, ẹ má yọra yín lẹ́nu."

"Mo ní kó o kọ ọ́. Láàárọ̀, ọmọ mi bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo ní mo sùn. Irọ́ ni mo pa, òun náà sì mọ̀. Kọ ọ́."

Aago kọ ọ́.

"Mo jẹun, torí ó jókòó tì mí. Ọjọ́ tí oníbàárà ò jẹ́ kó ráyè jókòó, mi ò jẹ. Kọ ìyẹn náà."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Aago.

"Lọ́sàn-án, mo máa ń fetí sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá níta. Mo mọ tìẹ. O máa ń wọ́ ti ọ̀tún díẹ̀, láti ọjọ́ tó o ti já bọ́ látorí ògiri lọ́mọdé. Mo fetí sí i títí ilẹ̀ fi ṣú, lójoojúmọ́. Kọ ọ́ pé ọmọ mi ọkùnrin ni mò ń retí."

Bíírò dúró.

"O ò kọ ọ́. Àbí ìyẹn náà kì í ṣe iṣẹ́? Ó ń rẹ̀ mí ju aṣọ fífọ̀ lọ. Ó wá dé lónìí, ó kí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ jókòó ti ìwé. Kọ ọ́, kó o tó ṣírò rẹ̀."

Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá ṣe Aránṣọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ó lọ bu oúnjẹ Màmá, ó gbé abọ́ náà lé Aago lọ́wọ́.

"Ẹ fún wọn. Ẹ ò gbọdọ̀ dìde o."

Ó padà sídìí maṣíìnì rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Ó gbọ́ tí Màmá ní àwọn ará ìsàlẹ̀ ti kun ìlẹ̀kùn wọn, ó gbọ́ tí ṣíbí kan abọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó yọjú wò wọ́n. Aago ti yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo aago, Màmá sì ti pa ẹnu dé. Ṣíbí dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó bọ́ aago náà, tó sì tì í sápò.

"Sátidé ńkọ́?" Màmá bi í.

"Ẹ ò ní lọ síbì kankan, Màmá. Èmi ni màá wá jókòó tì yín."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," Aránṣọ wí láti ẹnu ọ̀nà.