Ṣágo Ọtí Lẹ́yìn Àgbá Kábéèjì

Nígbà tí mò ń sọ yìí, Vitomir ọkọ mi ṣì wà láàyè. Gvozden tó ń bá gbogbo abúlé se ọtí ìyeyè ṣì wà, àti màlúù wa dúdú, àti ajá wa tí kò lè gbó mọ́. Gbogbo wọn ti lọ. Èmi àti Miladin ọmọ mi ló kù.

Ogún ọdún ni Miladin fi mutí. Ó mu ún títí ìyàwó rẹ̀ fi kó ẹrù lọ, títí ó fi sùn sínú yìnyín tí wọ́n sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Ọdún yẹn ló lo oṣù mẹ́rin nílé ìwòsàn. Nígbà tó dé, ó ti gbẹ bí igi àjà. Dókítà ti sọ fún mi lójú rẹ̀ pé, "Ìyá, ife kan péré ló kù láàárín òun àti sàárè." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, kò jáde mọ́.

Tẹ́lẹ̀, géètì wa ni mo fi ń mọ̀. Ó ti sọ̀ sílẹ̀, ó ń họ ilẹ̀. Bí ojú Miladin bá dá, á gbé e sókè kó tó ṣí i. Bó bá ti yó, á wọ́ ọ gbuurugbu. Màá wà nílé ìdáná, màá sì ti mọ irú ẹni tó ń bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe nígbà tó dé ni pé ó tún géètì náà ṣe. Ó wá ń ṣí láìdún rárá. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí ju ti ìgbà tó ń mutí lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹnu rẹ̀.

"Ẹ tètè gbóòórùn mi, Màmá, ká lè jẹun," á ní, á sì lanu bí ẹṣin tí wọ́n fẹ́ rà.

Iṣẹ́ tó rí ni pé ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó wàrà abúlé lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì. Gvozden á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ọmọ màlúù tí kì í mu ju wàrà lọ ló ń kọjá yẹn. Miladin, wá bá mi tọ́ ọtí wò, ahọ́n mi ti kú."

"Bàbá Gvozden, ahọ́n yín kò kú. Gbogbo abúlé ló ń gbọ́ ọ."

Ohun tí mi ò sọ fún Miladin ni ti ṣágo. Vitomir ti gbé ṣágo ọtí kan pa mọ́ sí yàrá abẹ́ ilé, lẹ́yìn àgbá kábéèjì, fún ìsìnkú ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá wọlé olókùú gbọ́dọ̀ gba ife kékeré lórí ìdúró, kó ta díẹ̀ sílẹ̀ fún òkú, kó mu ìyókù.

Mo ní, "Bàbá Miladin, ẹ jẹ́ ká dà á nù."

"Kí wọ́n wá fi tíì sin mí? Ṣé ilé ìwé ni mo kú sí?"

Mo fi àpò bo ṣágo náà. Mo fi èédú fa ìlà sí i lára, níbi tí ọtí dé.

Nígbà tí à ń rẹ kábéèjì sínú omi iyọ̀, mo ṣí àpò wò. Ọtí ti fi ìka mẹ́rin relẹ̀ sí ìlà mi. Mo jókòó sórí òkúta tí a fi ń tẹ kábéèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń gbóòórùn ẹnu Miladin, ẹ̀wù rẹ̀, ìrọ̀rí rẹ̀. Mi ò gbóòórùn ọtí kankan, ìyẹn gan-an ló pá mi láyà jù. Mo ní ó ti kọ́ ọgbọ́n tuntun. Ọtí sì ń relẹ̀ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo fa Miladin lápá lọ síbẹ̀, mo nawọ́ sí ìlà náà.

"Látìgbà tí mo ti dé ni mo ti mọ̀ pé ó wà níbí, Màmá," ó ní. "Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Mi ò dá sọ̀ kalẹ̀ síbí rí."

"Ta ló wá ń mu ún?"

"Ẹ lọ gbóòórùn ẹnu Bàbá."

Ẹnu Vitomir ti ń rùn fún ọtí látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò ka ìyẹn sí nǹkan. Àṣé inú ló ń run ún láti ìgbà ìkórè. Ọtí ìsìnkú rẹ̀ ló ń fi pa ìrora, kó má bàa sọ fún wa. Ọmọ ni mò ń ṣọ́. Bàbá ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ibùsùn.

Kò rí ọdún tuntun. Lọ́jọ́ tó máa kú, nígbà tó kù díẹ̀ ká fún wàrà ìrọ̀lẹ́, omi kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ọtí." Làkúrègbé ti ká mi lọ́wọ́, mi ò lè gbé ṣíbí dé ẹnu ẹlòmíràn láìdà á sílẹ̀. Miladin dá sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó bu ife kan wá, ó jókòó ti bàbá rẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn ìyeyè gba gbogbo yàrá. Ṣíbí kìíní wọlé, ìkejì wọlé. Nígbà tó bu ìkẹta, Vitomir pa ẹnu dé. Ṣíbí náà kún, ó dúró sí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Òógùn bò ó níwájú orí. Gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ó ń wo ṣíbí náà bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́ lójú ọ̀nà. 

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ yára."

Mo gba ṣíbí, mo gba ife, mo dà á sí ìdí igi ìyeyè níta. Nígbà tí mo padà wọlé, Vitomir ti lọ. Miladin di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ojú ọkọ mi ló yẹ kí n kọ́kọ́ pa dé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹnu ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ ba gbóòórùn. Ó lanu fún mi.