Owó Oṣù Àádọ́ta Obìnrin

Láti ọjọ́ tí ọmọ mi Ikhlas ti fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni oúnjẹ ò ti lọ geere lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìwé náà kò gùn. Ó ní ọdún méjì tí òun bá ilé iṣẹ́ dòdò wa ṣàdéhùn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ti pé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òun dúró, owó oṣù òun yóò kúrò ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, yóò di mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ náírà. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ti ń pè é. Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa pàdé ní Àpòmù láti dá a lóhùn.

Èmi Sìlífátù tí mo bí i, dòdò ni mò ń dín níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, bí wọ́n ṣe ń san án fún àwọn obìnrin yòókù, tí gbogbo wa ń lọ bí àádọ́rùn-ún. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogún ọdún ta dòdò létí títì mọ ìṣirò. Mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ jẹ́ owó oṣù àádọ́ta obìnrin. Mo ṣe ìṣirò náà lórí ìdúró, mo tún un ṣe lórí ìjókòó, kò yí padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó pe ọmọ mi ní olójúkòkòrò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe. Kó tó dé, etí títì tó lọ sí Ìbàdàn la wà, à ń sáré tẹ̀lé mọ́tò, à ń na dòdò sójú fèrèsé àwọn èèyàn tí wọn ò tiẹ̀ wò wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá, tí ẹlòmíì á ti dà nù, la fi ń ṣe dòdò Ìkirè. Ata àti iyọ̀ la fi ń pò ó, epo pupa la fi ń dín in. Ọjọ́ tí ọjà ò bá yá, àwa àtàwọn ọmọ wa la máa jẹ ẹ́. Ikhlas fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní Èkó, ó kó wa jọ, ó gba nọ́ńbà NAFDAC, ó ra ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá pa, ó sì wá oníbàárà dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti bá a níbi tó ti sùn lọ lórí tábìlì. Mo ti rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú báàgì rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá sọ lójú mi pé kò ṣiṣẹ́, èmi àti ẹni náà á jọ fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀tù tí a jọ ń dín dòdò ńkọ́? Epo gbígbóná dà sí wọn lápá lóṣù kẹta. Ìwé tí ilé iṣẹ́ fún wọn ni pé kí wọ́n lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n padà sídìí agbada pẹ̀lú báńdéèjì. Ọmọ mi ló buwọ́ lu ìwé náà.

Ohun tó ń já mi láyà kò ju ọ̀kan lọ. Mo fẹ́ kí Ikhlas dúró. Bó bá lọ, ta ni yóò máa bá àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀? Ṣé èmi ni? Kó tó tó oṣù mẹ́fà, gbogbo wa á ti padà sẹ́yìn mọ́tò. Bí wọ́n bá sì fún un ní gbogbo ohun tó bèèrè, àwọn obìnrin yẹn ò ní fi tinútinú rí i mọ́ láé, wọ́n á sì máa fi ojú yẹn wo èmi náà. Wọ́n ti ń dákẹ́ bí mo bá wọlé sí ibi ìdíndòdò. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo lọ bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ikhlas, ṣé o ò lè gbà á ní mílíọ̀nù kan?"

"Màámi, mílíọ̀nù márùn-ún ni wọ́n fẹ́ fún mi l'Ékòó. Mo ti gé e wálẹ̀ fún ẹgbẹ́ yẹn."

"Àwa tí à ń dín in ńkọ́?"

"Ẹni tó lè dín dòdò pọ̀ n'Íkirè, Màámi. Ẹni tó lè ṣe èyí tí mò ń ṣe yìí, kí wọ́n wá a lọ."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Bí ẹni ń sọ pé òjò ti fẹ́ rọ̀ ló ṣe sọ ọ́, ó sì tún ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí èmi náà wà lára àwọn tó pọ̀ yẹn.

Nígbà tí mo ń rìn padà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Bí ọmọ ẹni bá ṣẹ ará àdúgbò, ìyá kì í dúró kí wọ́n wá fẹjọ́ sùn. Òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ mú pàṣán, á máa pariwo, títí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an á fi gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tó, ọmọdé ni. Nígbà tí Ikhlas wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó da odidi gálọ́ọ̀nù epo ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀tù nù. Mo wọ́ ọ lọ síwájú ilé wọn, mo na ọwọ́ sókè. Pàṣán náà ò tíì balẹ̀ tí wọ́n fi já a gbà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n tún fún ọmọ ní àkàrà.

Bí mo ṣe máa ṣe é nìyẹn. Bí mo bá gbèjà rẹ̀, wọ́n á ní ọmọ mi ni mò ń gbè lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí èmi bá kọ́kọ́ dìde tí mo bá a wí, wọ́n á bẹ̀ mí. Ẹni tó bá sì ti bẹ ìyá fún ọmọ kò tún ní lè yíjú padà kó fi nǹkan du ọmọ náà. Wọ́n á ní kí wọ́n fún un ní mílíọ̀nù méjì, kó má bínú, kó dúró. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá, mo yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, mi ò rí ibi tó ti lè jò.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí a lò ní Àpòmù kún lọ́jọ́ Sátidé náà. Alàgbà Olúsànyà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, ló ka ìwé Ikhlas síta. Ikhlas jókòó níwájú, ó fi ojú wá mi láàárín èrò títí tó fi rí mi, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rò pé màá gbèjà òun. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alàgbà, èmi ni mo bí i, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ikhlas, ojú ò tì ọ́? Ta ni ọ́ tó o fẹ́ máa gba owó oṣù àádọ́ta obìnrin?"

Mo dánu dúró díẹ̀ kí ẹnì kan lè ráyè sọ pé ó tó. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Mo wo ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀tù. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ń mirí, wọ́n ń retí ìyókù. Mo ní bóyá pàṣán náà ò tíì ga tó.

"O ní ẹni tó lè dín dòdò pọ̀. Ó dáa. Ta ló ń fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń mọ̀ pé tòní ni àbí tọ̀la? Ṣé ẹ̀rọ rẹ ni? Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù yẹn, ṣé ìwé tó ò ń kọ sí wọn ni wọ́n ń jẹ? Apá ẹ̀gbọ́n mi bó, o fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin, Ikhlas. Owó kọ́bọ̀ kan o ò fi lé e. Èmi tí mo bí ọ, láti aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń tẹ ẹ̀yìn sídìí iná, o wá sọ fún mi lójú mi pé mo pọ̀."

Mo gbọ́ ohùn ara mi, kì í ṣe èyí tí mo gbé wá láti ilé. Mo ti gbàgbé pé mò ń retí ẹnikẹ́ni. Omi lé ròrò sójú mi, inú ń bí mi gan-an.

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gbà á. Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀tù dìde. "Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ tán," ni wọ́n wí. "Kí làwa tún fẹ́ sọ?" Mo ní kí wọ́n dúró ná, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n nawọ́ sókè láti dìbò, owó oṣù rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, àní èmi gan-an ni mo sì fọwọ́ ara mi wọ́ orí ọmọ náà.

Nígbà tí a jáde, ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀tù dì mọ́ mi. "O ṣeun, Ìyá Ikhlas. Ojú rẹ la ti ń wò láti ọjọ́ yìí. Àwa ti sọ ọ́ láàárín ara wa pé ká fún un ní mílíọ̀nù méjì, kí inú rẹ má bàa bà jẹ́. Ìwọ lo là wá lójú."

Mo tú ọwọ́ wọn kúrò lára mi, mo lọ síbi mọ́tò.

Ikhlas ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó ní òun á fèsì lọ́jọ́ Ajé. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún mi bó ṣe máa ń ṣe. A ti kúrò nínú Àpòmù kó tó sọ̀rọ̀.

"Màámi, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ fẹ́ kí wọ́n bẹ̀ yín ni."

Ọkàn mi balẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ní ojú ò tì mí. Ẹ̀rín tiẹ̀ fẹ́ pa mí." Ó wakọ̀ lọ díẹ̀. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá ní eré ni gbogbo ẹ̀, màá gba ẹgbẹ̀rin yẹn, màá dúró. Wọn ò mọ ohun tí mò ń ṣe, ìyẹn ò dùn mí. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin náà bá rò bẹ́ẹ̀, mi ò lè máa wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ kí n máa rí yín."

Ó rọrùn. Kí n ṣáà ti sọ pé eré ni, kí ọmọ mi dúró, kí iṣẹ́ àádọ́rùn-ún obìnrin má bàjẹ́. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Èmi tí mo lu ọmọ yìí nítorí irọ́ nígbà tó wà ní kékeré.

"Eré ni mo fi bẹ̀rẹ̀," mo ní. "Nígbà tó yá, kì í ṣe eré mọ́."

Ó mirí. Kò sunkún, kò sì jágbe mọ́ mi. Ó wakọ̀ dé iwájú ilé wa, ó dúró, kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Ó dáa. Tí mẹ́ta àbọ̀ bá pọ̀ jù, èló ló tọ́ sí mi, Màámi? Ẹ̀yin ni mò ń bi, mi ò bi ẹgbẹ́."

Mo rí ẹnu sọ iye tó pọ̀ jù lójú gbogbo ayé, mo wá wá iye tó tọ́ sí ọmọ mi, mi ò rí i. Mo ní ẹgbẹ̀rin nínú ọkàn mi, ojú tì mí. Mo ní mílíọ̀nù méjì, ojú àwọn obìnrin yẹn ni mo rí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn, iwájú ló ń wò. Ó ń dúró dè mí.