Ìgbà Tó Kan Beatrice Láti Gbàdúrà

Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí Beatrice Adéṣínà ti wà nílé ọkọ ní Ìbarà, ọkọ rẹ̀ ló ń gbàdúrà, òun ló ń ṣe àmín. Kì í ṣe pé kò mọ Ọlọ́run. Ó mọ̀ Ọ́n bí ìyàwó ilé ṣe ń mọ ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń gbé òkè òkun: ó ń bọ̀wọ̀ fún un, ó ń kí i, ṣùgbọ́n àbúrò tó ni ẹ̀gbọ́n ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Herbert, ọkọ rẹ̀, jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn, ohùn rẹ̀ kì í sì í wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí ó tó dé ẹ̀yìn ìjọ. Nílé, bí aago márùn-ún ìdájí bá ti lù, á mi agogo kékeré kan tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, gbogbo ilé á sì wọ́ jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú ojú oorun. Á dá orin, á ka Bíbélì, á wá gbàdúrà títí ọbẹ̀ àná á fi fẹ́ẹ̀ kan.

Ní oṣù kejì ọdún yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún wúwo bí odó, ohùn ńlá yẹn sì di "ẹn... ẹn" lásán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló lò nílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, Àràmídé, ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbé agogo náà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.

"Dádì, bí ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ mì í. Mọ́mì á gbọ́."

Bí àdúrà ìdílé ṣe dákẹ́ nìyẹn. Ta ni ì bá gbà á? Beatrice ń wẹ ọkọ rẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ, ó ń fi òróró ra apá tó kú. Ìfẹ́ kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan ti Ọlọ́run, ọkàn rẹ̀ ti le. Ó sọ ọ́ fún Àràmídé lórí fóònù: "Ọkùnrin tó fi gbogbo ohùn rẹ̀ sìn Ín, ohùn náà gan-an ló bá lọ. Kí ló kù tí mo fẹ́ bá A sọ?"

Ohun tó wá ń dùn ún ju àìsàn náà lọ ni ti ìdájí. Lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, Herbert á mi agogo. Beatrice á fò dìde, á sáré gbé ike ìtọ̀ wá. Herbert á mirí. Á gbé omi wá. Á mirí. Á tún ìrọ̀rí ṣe, á tan fáànù, á tún pa á. Ọkùnrin náà á máa mi agogo bí ẹni tí inú ń bí, lẹ́yìn náà á kọjú sí ògiri, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́, Dádì Àràmídé? Kí ni mi ò tíì ṣe?"

"Ẹn... ẹn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Beatrice pé àìsàn náà ti dé orí, pé ọkọ òun ń lọ díẹ̀díẹ̀, òun kò sì mọ ibi tí òun yóò ti dì í mú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Ràhámátù, aládùúgbò wọn tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàrin, gbé abọ́ ẹ̀wà wọlé.

"Ẹ kú ìtọ́jú o, Màmá Àràmídé. Tíṣà ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ọpẹ́ ni mo bá wá gan-an. Nígbà tí agogo yín dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìrun àsùbáà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́! Ogún ọdún ni agogo Tíṣà ti ń jí mi. Ọkọ mi a tiẹ̀ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé onígbàgbọ́ ló ń pe ìrun fún mi. Ìgbà tí mo tún wá gbọ́ ọ, mo ní alihamudulilahi, Tíṣà ti ń pe ilé rẹ̀ sí àdúrà."

Beatrice dúró lójú kan pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́. "Àdúrà kẹ̀? Ìtọ̀ ló máa ń..."

"Ìtọ̀? Lójoojúmọ́, aago márùn-ún géérégé? Màmá Àràmídé, ìtọ̀ wo ló ń wo aago?"

Beatrice jókòó. "Háà, Ràhámátù. Ọkọ mi ń pè mí sí àdúrà, ike ìtọ̀ ni mo ń gbé lọ bá a."

Ràhámátù fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí rẹ̀. Beatrice náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ràhámátù gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dì í mọ́ra.

"Ó ti tó. Ẹ lọ bá a gbà á."

"Mi ò mọ̀ ọ́n gbà. Mi ò gbàdúrà sókè rí láyé mi."

"Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jà lórí omi gọ́tà, tí ẹ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìmí? Ọ̀rọ̀ ò lè wọ́n yín láéláé."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, agogo dún. Beatrice wọlé. Herbert kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Beatrice kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó di ojú. Ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ju ẹnikẹ́ni tó ti bá sọ̀rọ̀ rí lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni:

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Nǹkan kan ru nínú àyà Herbert. Beatrice gbé orí sókè pẹ̀lú ìpayà. Ẹ̀rín ni! Ìdajì ẹnu ni ọkùnrin náà fi ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé, kò tíì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà, Dádì Àràmídé. Mi ò tíì parí." Ó tún ojú dì. "Sà, mò ń bínú sí Yín. Láti oṣù kejì ni mo ti ń bínú. Ọwọ́ kan ló kù fún ọkọ mi, ọwọ́ yẹn ló sì fi ń pè Yín lójoojúmọ́. Èmi tí mo ní ẹnu, mi ò pè Yín. Ẹ dárí jì mí. Bí Ẹ bá lè dá ohùn rẹ̀ padà, Ẹ jọ̀wọ́, Ẹ dá a padà. Bí kò bá sì padà, Ẹ má jẹ́ kí tèmi náà kú sọ́fun. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mì lánàá. Mo rí i. Ẹ ṣeun."

Ó tún sọ àwọn nǹkan mìíràn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó la ojú, ilẹ̀ ti ń mọ́, ọwọ́ òsì Herbert sì wà lórí gèlè rẹ̀. Ara ọkọ rẹ̀ kò yá ju ti àná lọ, síbẹ̀ Beatrice wá ẹ̀rù tó ti ń gbé nínú rẹ̀ títí, kò rí i. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jẹ ìgbàgbọ́ tí ẹlòmíràn sè. Lónìí ló gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná. Ó jóná díẹ̀ nídìí, iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ yó.

Ní aago méje, Àràmídé pè. "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Dádì ńkọ́?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúrà tán ni."

"Ta ló gbà á? Ṣé àlùfáà wá ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Mọ́mì? Kí lẹ sọ?"

Beatrice wo ọkọ rẹ̀. Ìdajì ẹnu yẹn tún ti ń yọ́ ẹ̀rín rín.

"Má dá sí i," ó ní. "Ọ̀rọ̀ àwa mẹ́ta ni."