Sìmẹ́ǹtì Iwájú Ilé Wa

Kí n tó wá sí ìlú òyìnbó, wolé-wolé ni mí ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wọ káákí, tí mo ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí mo ń yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tí mo sì ń fa ẹni tó bá dí gọ́tà lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kì í fi sílẹ̀ tán. Títí di òní, bí mo bá ń lọ ní Rye Lane, títì ọjà wa ní London níbí, gọ́tà ni mo máa ń wò kí n tó wo iṣu.

Nínú ilé tó tẹ̀ lé tèmi, flat kan wà nísàlẹ̀ tó rì wọ ilẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́fà lèèyàn máa sọ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn. Mìsítúrà àti ọkọ rẹ̀, Habeebullah, ló ń gbé ibẹ̀. Mìsítúrà ń ránṣọ nínú pálọ̀, Habeebullah ń wa bọ́ọ̀sì. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò wọlé bá wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, omi dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Landlord sọ fún wọn pé bí ó bá tún wọlé, òun á ti flat náà pa, kí wọ́n wá ibòmíràn lọ.

Nígbà tí mo gbọ́, mo ní ẹ̀bi wọn ni. Èérún aṣọ ló dí gọ́tà wọn. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, Agnes, nígbà tó ṣì wà láyé. Ó ní, "Bàbá Táyọ̀, ṣé ẹ ti lọ wò ó ni?" N kò lọ. Kò pẹ́ sí i, àìsàn rẹ̀ le, ó sì kú nínú oṣù kẹsàn-án.

Nínú oṣù kẹfà ọdún yìí, mo mú ọ̀pá irin kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn.

"Ẹ káàsán, Daddy," ni Mìsítúrà wí. "Ṣé kò sí o?"

"Gọ́tà yín ni mo wá wò."

Habeebullah bú sẹ́rìn-ín. Walworth, ní London níbí, ni wọ́n bí i sí. "Daddy, ṣé ẹ máa fún wa ní ticket ìtanràn?"

"Bí mo bá rí èérún aṣọ níbẹ̀, ohun tí màá fún yín á ju ticket lọ."

"Ẹ wò ó dáadáa, sà," ni Mìsítúrà wí. "Èmi ti wò ó títí, ojú fẹ́ẹ̀ fọ́ mi."

Mo ti ọ̀pá bọ inú gọ́tà náà. Ó wọlé gbọọrọ. Mo yí i, mo fà á jáde, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Gọ́tà náà mọ́ ju tèmi lọ. Inú mi kò dùn sí i, n kò ní purọ́.

Ibẹ̀ la wà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. A sá sí ẹnu ọ̀nà. Gọ́tà ń gbé omi mì bó ṣe yẹ, àmọ́ omi mìíràn ń bọ̀ láti òkè. Ó ń gba abẹ́ ògiri kékeré tó wà láàárín ilé méjèèjì, ó ń já lu àtẹ̀gùn bíi pé ẹnìkan ń da garawa nù. Nínú omi náà ni ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan ti ṣàn wá, tó dúró lẹ́bàá bàtà mi.

Láàárọ̀ ni mo máa ń fi ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ Agnes gbá iwájú ilé. Kò sẹ́lòmíràn tó ń lo irú rẹ̀ ní títì wa.

Habeebullah he igi ìgbálẹ̀ náà. "Daddy, this one's not ours, you know."

"Ẹnu ẹ!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣé Daddy lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Òótọ́ ló sọ."

Òjò náà dá kí omi tó gun ẹnu ọ̀nà. Ìwọ̀n ìka méjì ló kù.

Èmi ni mo fúnra mi fi sìmẹ́ǹtì bo iwájú ilé wa ní ọdún 1998. Agnes ń pọn omi, èmi ń tẹ́ sìmẹ́ǹtì. Òfin iṣẹ́ mi ni pé omi kò gbọdọ̀ dúró nítòsí ilé, nítorí ẹ̀fọn. Mo wá jẹ́ kí ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí apá ògiri, kí omi máa lọ. N kò bèèrè ibi tó ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbé inú flat ìsàlẹ̀ nígbà náà. Agnes bẹ̀ mí pé kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ tí òun á fi gbin nǹkan. Mo ní ìdọ̀tí lásán ni erùpẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Mo sọ fún Adétáyọ̀, ọmọ wa, lórí fóònù pé mo fẹ́ fọ́ sìmẹ́ǹtì náà.

"Daddy, ẹ̀yin àti Mummy lẹ jọ ṣe é. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mummy rẹ kò sí nínú sìmẹ́ǹtì."

Ó ní òun á wá láti Brockley lọ́jọ́ Sátidé, kí n má tíì bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé.

N kò dúró dè é. Habeebullah yá òòlù ńlá wá, èmi ń fi dígà ṣí i láti ìsàlẹ̀. Mìsítúrà ń kó àfọ́kù sínú àpò. Nígbà tí mo dúró láti mí, ó ní, "Ẹ ò rí i, wọ́n ti dá ẹjọ́ wolé-wolé. Ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára!"

"No appeal," ni Habeebullah wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Adétáyọ̀ ń gba géètì wọlé bọ̀ nígbà náà, ó sì rí mi tí mo ń rẹ́rìn-ín.

A gbẹ́ kòtò tóóró kan sí ẹsẹ̀ ògiri, a da òkúta wẹ́wẹ́ kún un. A tú ilẹ̀ amọ̀ tó kù, a po iyanrìn mọ́ ọn. Mìsítúrà bi mí ohun tí a máa gbìn. Mo ní kó gbin ohun tó bá wù ú. N kò mọ ohun tí Agnes fẹ́ gbìn. N kò bi í nígbà náà.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, òjò gidi dé, ní ọ̀sán. Ó le ju ti oṣù kẹfà lọ, ó sì pẹ́ jù ú lọ. Èmi àti àwọn méjèèjì dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, à ń wò ó. Omi kọ́kọ́ dúró lórí ilẹ̀. Ara mi kò balẹ̀, torí omi tó bá dúró kì í bá mi lára mu. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mu. Kòtò kún, kò kọjá bẹ́ẹ̀.

Mìsítúrà kò lè mú un mọ́ra. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Habeebullah ń ka nǹkan sẹ́nu, bóyá àdúrà ni. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, n kò gbọ́ igbe.

Ó padà wá, ó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ híjáàbù rẹ̀ kí òjò má baà pa á. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni.

"Mo fi rin gbogbo yàrá, sà, títí dé abẹ́ ibùsùn. Ẹ fọwọ́ kàn án!"

"Haba, Mìsítúrà," ni ọkọ rẹ̀ wí, "ìbọ̀sẹ̀ lo fún Daddy?"

Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ. Mo dá a padà fún un, mo ní kó lọ máa ránṣọ rẹ̀.